Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Dá Ilé Fílítà Mi Lu?

"Ẹ̀gbọ́n, eruku àdúgbò yín ló pọ̀ jù."

Ohun tí mẹkáníìkì sọ sí mi lójú nìyẹn lónìí, písítìn tó bàjẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ọ́ìlì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Eruku àdúgbò wa! Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì máṣíìnì mi palẹ̀, ríìngì písítìn ti jẹ tán, ara sílẹ́ńdà dà bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó fa ilà sí i, wọ́n ní kí n mú ₦38,000 wá. Máṣíìnì tí ò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Kí ló sì fà á? Ariwo. Ariwo tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi fi sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun máṣíìnì ní Mararaba, ní Masaka, ní Nyanya, lẹ́bàá Abuja níbí, ẹ mọ àwọn tí mò ń bá wí. Ẹ gbé e lọ fún wọn torí ọ́ìlì, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n ti dé ìdí ilé fílítà, àpótí tí fílítà tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n ti dá a lu kó lè máa pariwo.

Oṣù December ni mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yìí. Ọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì ni mo ní kó pààrọ̀, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọkùnrin náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fọkàn tán an, mo ní ọmọ ilé ni, kò ní yàn mí jẹ. Mi ò tíì jẹun látàárọ̀, mo bá ní kí n sáré lọ jẹ àmàlà lọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Mi ò tíì fọwọ́ tán tí mo gbọ́ ohun kan tó ń bú gbààà, gbààà, bíi máṣíìnì àwọn ọmọ olówó Maitama, gbogbo èèyàn yíjú síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé tèmi ni. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń fún un níná, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké? Mo ti bá yín là á lóhùn."

Mo ní, "Kí lo ṣe fún un?"

Ó ní òun kàn jẹ́ kó máa mí dáadáa ni. Irin tí wọ́n ti kì bọ iná ló fi dá ilé fílítà lu, ojú méje, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa rọ́bà ẹnu ẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé yọ. Ó tún wá yọ fóòmù fílítà gan-an kúrò nínú ẹ̀. Mo ní fóòmù ńkọ́? Ó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sídìí garawa níbẹ̀, tó ń fi fílítà mi fọ girísì kúrò lọ́wọ́! Ó ti gé e sí méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀kan nínú omi ọṣẹ.

Mo pariwo. Wọ́n ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú" yìí ti sú mi ní ìlú yìí. Télọ̀ ba ẹ̀wù ìkómọ yín jẹ́ ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ, ẹ má bínú. Oníwáyà so iná òdì, fíríìjì jó, ẹ má bínú. Ta ló wá fẹ́ san án? Ó tún ń sọ pé àwọn ọmọ tó ń sáré lórí títì Keffi máa ń sanwó fóun láti bá wọn ṣe é, pé tèmi, òun ò gba kọ́bọ̀, pé òun fi ta mí lọ́rẹ ni. Ọrẹ wo nìyẹn?

Mo wá fílítà kiri Mararaba, ìsọ̀ mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ ojúlówó ò sí, fóòmù jákujàku bíi ti tìmùtìmù ni wọ́n ń tà. Mo ra ìyẹn, mo fi sẹ́lótéèpù dí àwọn ihò náà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ooru ẹ́ńjìnnì fi yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀ dànù.

Kì í ṣe pé mo kórìíra kí máṣíìnì dún o. Ọ̀dọ́ lèmi náà, mo mọ adùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ohùn yẹn gan-an? Ní gbogbo ìgbà tí písítìn bá fa atẹ́gùn wọlé ló máa ń dún, ilé fílítà ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá ilé náà lu, ìró yẹn á jáde síta. Òun náà kọ́ nìyẹn? Kò sọ máṣíìnì cc 100 di nǹkan mìíràn. Epo kílò kan ń fẹ́ atẹ́gùn bíi kílò 14.7 kó tó lè jó geere, tẹ́ ẹ bá wá ń da atẹ́gùn lé e lórí láìpààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà jáde nínú kabúrétọ̀ níbi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pàdé, epo á kéré sí atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, ẹnu plọ́ọ̀gì á funfun bí ẹfun dípò kó pọ́n bíi bisikíìtì. Tèmi funfun. Mo fi han mẹkáníìkì yẹn ní January, ó ní ó mọ́ ni.

Ẹni tó mọṣẹ́, tí oníbàárà bá bẹ̀ ẹ́ fún ohùn, rọ́bà ẹnu ìta yẹn nìkan ló máa yọ. Fílítà á wà láyè ẹ̀. Á ní kẹ́ ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀, á tú plọ́ọ̀gì wò, tó bá funfun á fi jẹ́ẹ̀tì tó fi díẹ̀ tóbi jùyẹn lọ sí i. Tí àsìkò òjò bá dé, á dá rọ́bà padà kí omi má wọ̀ ọ́. Tó bá sì pọn dandan kó lu ihò, iwájú fílítà ló máa lù ú sí, níbi tí fílítà ṣì ti lè gba eruku mú. Nínú méje tó lù sí tèmi, mẹ́ta wà lẹ́yìn fílítà, láàárín òun àti kabúrétọ̀! Fóòmù yòówù kí n rà, eruku ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀ mọ́, ó ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà wọlé.

Eruku yẹn ńkọ́? Láti 2006 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Abuja, ẹ̀yìn ìlú ni gbogbo wa ń gùn ún sí, ibi tí kò sí ọ̀dà. Erùpẹ̀ pupa nílẹ̀, ọyẹ́ lókè. Láti November títí wọ February ni yanrìn Sàhárà ń ti apá Chad fẹ́ wá bá wa, ẹ nu tábìlì láàárọ̀, ẹ lè fìka kọ orúkọ yín sí i lọ́sàn-án. Yanrìn lẹ ní kí sílẹ́ńdà mi máa mu!

Ìyàwó mi bímọ ní January. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá ti fẹsẹ̀ ta máṣíìnì báyìí, ọmọ á ta gìrì, á figbe ta. Mo wá ń tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì kí n tó ta á, nínú òtútù ọyẹ́. Alhaji tó wà ní ojúlé kejì, bàbá jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, dúró lẹ́nu géètì ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní "Malam, haba!" Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, wọ́n ń wò mí bí ọmọ ìta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni máṣíìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Lítà kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èéfín ń tú lẹ́yìn mi bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja. Lánàá ó kú sí òkè kékeré tó wà ní Nyanya, mo tì í, mo ṣáà tì í, títí mo fi padà débi ìsọ̀ mẹkáníìkì náà. Òní ló tú u. Ó rí i, ó rí ilà lára sílẹ́ńdà, ó wá ní eruku àdúgbò wa ló pọ̀ jù. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì ń fẹ́ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, irin ti pọ́n, ilé fílítà ẹlòmíràn wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Mi ò san ₦38,000 kankan. Ilé fílítà tuntun ni mo fẹ́, tí kò níhò, pẹ̀lú fóòmù ojúlówó nínú ẹ̀, písítìn àti ríìngì, kó gbé gbogbo ẹ̀ wá bá mi ní Masaka kí Friday tó dé, kó sì wá fúnra ẹ̀ bẹ Alhaji.