Ta ló ní kánsù ò lágbára lórí igbó?

Bí igi bá ń wó ní Òmù-Àrán tàbí ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tí odò sì ń gbẹ, ohun kan náà lẹ ó gbọ́: "Iṣẹ́ Àbújá nìyẹn. Kí ni kánsù fẹ́ ṣe sí i?" Àwọn alága gan-an fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, ó ń sọ ẹrù kúrò lórí wọn. Irọ́ ni.

Òótọ́ ni pé Àbújá ló ni ọgbà ẹranko Kainji, òun náà ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Igbó tó yí abúlé wa ká wá ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kánsù lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti lo ilẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò sí nígboro. Tó bá jẹ́ ti oko, ó lè tó 500 hẹ́kítà. Tó bá jẹ́ ti ìjẹko ẹran, 5,000, kó tó di pé wọ́n ń wá àṣẹ gómìnà. Ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́. (Alága tó ní òun ò lágbára lórí igi náà ni yóò kó katakata wá wó igi ìdí ọjà lọ́jọ́ kejì.)

Nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999, ní àfikún kẹrin, iṣẹ́ kánsù ni kíkó pàǹtí. Ó tún ní kí kánsù bá ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àdáyébá, àyàfi wíwa kùsà. Ẹ wá wo pàǹtí inú odò Àsà ní Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ ká mú igi irú. Àdán ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kiri lóru kí igi náà lè so dáadáa. Bí a bá pa àdán jẹ tán, tí àwọn tó ń sun èédú gé igi tó kù, tí iná ẹ̀ẹ̀rùn sì jó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, níbo ni àwọn ìyá onírú fẹ́ rí ọjà wọn? Àwọn kánsẹ́lọ̀ lè jókòó ṣòfin lórí iná ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń rántí.

Wọ́n á ní kò sówó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. Bóyá ó ń débẹ̀, ìyẹn tún ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kì í náni lówó. Bí kánsẹ́lọ̀ yín bá tún wá sí àdúgbò, ẹ bi í pé: ilẹ̀ ta ni kánsù fún níwèé lọ́dún yìí, odò wo ló sì gba inú rẹ̀ kọjá?