Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Wọn Náà Rè É!

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni títún tápẹ́ẹ̀tì máṣíìnì ṣe, ìyẹn àwọn ìdè kékeré orí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, màá fi sípánà kàn án lórí. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Odidi ọjọ́ Sátidé ló run sí i. Aago méje àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń pèrun Mágàríbì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Omo fọ girísì kúrò lábẹ́ èékánná.

Irú ẹ́ńjìnnì CG 125 tó kún gbogbo ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni tèmi. Ó ń dún tákí-tákí lórí bíi máṣíìnì ìránṣọ, mo bá gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ládùúgbò. Ẹ́ńjìnnì gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀, kò dúró kó tutù, ó ti ń tú u. Kò fi nǹkan kan wọn nǹkan kan o, etí ló ń fi gbọ́ ọ. Ó ń fún un, ó ń fún un, títí ariwo fi dákẹ́ wẹ́lo. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ, Tíṣà, bíi tuntun!” Inú èmi òmùgọ̀ dùn, mo sanwó, mo tún fún un ní owó ọtí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wàhálà fi dé. Ìrésà-Adú ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Láàárọ̀, máṣíìnì á jí. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, tí mo wá yà ra mọ́ínmọ́ín ní Tákìẹ́, ó parí nìyẹn. Màá ta kíkì títí orúnkún mi á fi máa dún kẹ́kẹ́. Ẹ wo èmi, pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí mò ń ti máṣíìnì, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọjá lórí ọ̀kadà tí wọ́n ń pariwo, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!”

Àṣé àlàfo tó yẹ kó wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì àti ìdí fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde) ni ọkùnrin yẹn fún pa. Bí àlàfo ò bá sí, fáàfù ò ní lè padé tán, agbára ẹ́ńjìnnì á máa sá jáde, iná á sì máa jó etí fáàfù èéfín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. 0.08 mílímítà ni àlàfo ọ̀hún, ti èyí tó ń fa epo wọlé àti ti èyí tó ń tu èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tutù ni mo wí!

Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni feeler gauge, àwọn irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò pọ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù sípíà páàtì mẹ́rin ni mo wọ̀. Ọmọkùnrin kan wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, “Bàbá, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ lẹ ti máa rí fìlà.” Fìlà! Ẹlòmíì ní bíléèdì làwọn fi ń ṣe tàwọn. Bíléèdì ìfárí tó 0.1 mílímítà, ó nípọn ju ohun tí mò ń wá lọ, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó ṣì sàn ju etí lásán. Ọmọ àbúrò mi ní LAUTECH ló padà bá mi yá a.

Ẹ má tíì dá mi dúró. Ìdérí róbótó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí kó tó rí àmì T tó wà lára máńgínẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ pé písítìn ti dé òkè pátápátá. Owó ẹyọ ni wọ́n ní ká fi yí i. Owó ẹyọ, ní Nàìjíríà! Ìgbà wo lẹ rí kọ́bọ̀ kẹ́yìn? Mo fi ìdí ṣíbí yí i, ṣíbí tẹ̀. (Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.) Mo gbé sikudiráfà àti òòlù, ojú ìdérí náà jẹ bí ẹ̀kọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ sunkún gan-an nìyí. Ẹ́ńjìnnì yìí máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó daná lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni T ń yọjú, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ́, èyí tí fáàfù méjèèjì ti padé. Mi ò mọ̀. Mo bá T àkọ́kọ́ tí mo rí, mo wọn méjèèjì, mo kó gbogbo ẹ̀ padà, mo ta kíkì. Gbàgà-gbàgà-gbàgà! Bí ẹni ń gúnyán nínú agolo. Àṣé ìgbà tí fáàfù kan ń padé lọ́wọ́, tí èkejì ń ṣí lọ́wọ́, ni mo lọ ń wọ̀n ọ́n. Mo tún tú u. Mo wá jókòó ti ẹ́ńjìnnì wákàtí méjì gbáko kó lè tutù, bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Lánlọ́ọ̀dù kọjá: “Tíṣà, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì.” Ìyá elépo kọjá: “Ẹ ò ṣe gbé e lọ bá mẹkáníìkì?” Mo dákẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì kó lè yí wẹ́rẹ́, mo ṣọ́ fáàfù tó ń fa epo títí ó fi wọlẹ̀ tó tún gòkè, kí n tó wá T. Mo fọwọ́ ti tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì wò, wọ́n ń mì díẹ̀. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, méjì l'Ọlọ́run fún mi: ọ̀kan di gééjì mú, ọ̀kan di ìdè tápẹ́ẹ̀tì mú, ta ni yóò wá fi sípánà fún nọ́ọ̀tì tó ń dè é mọ́lẹ̀? Tí mo bá sì fún nọ́ọ̀tì pa, ìdè á bá a yí, gééjì tó ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ á há pinpin. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án! Mo kà á.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ra mọ́ínmọ́ín mi ní Tákìẹ́, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, mo ta kíkì lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbà. Ó ń dún tíkì-tíkì díẹ̀ lórí, bó ṣe yẹ kó dún. Bí mo ṣe dé àdúgbò nírọ̀lẹ́, ta ni mo gbóhùn rẹ̀ o? “Tíṣà! Máṣíìnì yín tún ti ń pariwo. Ẹ dúró, kí n bá yín fún un díẹ̀.”

Fún ìyá ta ni? Mo fi jíà sí i, mo bá tèmi lọ.