Èsì wa sí oníbàárà tó ra PS5 Slim: ọ̀rọ̀ CD, dátà àti pádì

Ọ̀gá wa,

A kí yín láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Àjìlósùn, Adó-Èkìtì, a sì dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ẹ rí. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni ẹ fún wa, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: pé PS5 Slim (ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Sony) tí kò ní ojú CD ni ẹ wá rà, ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa rọ̀ yín títí ẹ fi gbé èyí tó ní ojú CD lọ sí Ìkẹ́rẹ́; pé ayé ti kúrò ní ti CD, kí ẹ lè máa ra CD lọ́wọ́ wa ni a sì fi ṣe bẹ́ẹ̀; pé FC 25, gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù tí ẹ rà, tún bèèrè ọ̀pọ̀ dátà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi sí ẹ̀rọ; pé FIFA 23 àlòkù tó wà lórí káńtà wa wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ; àti pé analog òsì pádì yín (ọ̀pá kékeré tí a fi ń darí eré) ti ń dá rìn. Àwọn mìíràn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yóò ka ọ̀rọ̀ yín, ìdí nìyí tí a fi ń dáhùn níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Òótọ́ ni pé à ń ta CD, a sì ń jèrè lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ti èrè wa sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a ṣírò ti àpò yín. Nígbà tí Sony gbé PS5 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, dọ́là 399 ni wọ́n pe èyí tí kò ní ojú CD ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pe èyí tó ní i ní 499. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tó wà láàárín méjèèjì ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé èyí tí kò ní ojú CD délé ti fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ ilé ìtajà Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò ti sí ná-in-ná-in, tí kò sì sí àlòkù. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí a lè yàn nígbà tí a bá ń ṣí àkáǹtì PlayStation, nítorí náà àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba ni àwọn oníbàárà wa ń ṣí, káàdì owó orílẹ̀-èdè yẹn gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá rà sí i. Káàdì Ìlú Ọba kò ní wọlé sórí àkáǹtì Amẹ́ríkà, bó ti wù kí a bẹ̀ ẹ́ tó. (À ń ta káàdì náà pẹ̀lú, ọ̀gá wa, nítorí náà kì í ṣe pé èrè wa yóò gbé bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn.)

Lẹ́yìn owó gẹ́ẹ̀mù ni owó dátà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà fún àwa tí a wà ní Èkìtì. Gẹ́ẹ̀mù bíi Call of Duty máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún gígábáìtì. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, kó má ṣáà ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, gbogbo wa la sì mọ ohun tí dátà ti dà láti ìgbà náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò san owó dátà yìí, à bá ní kò burú. Ṣùgbọ́n àyè inú ẹ̀rọ kò tó nǹkan: PS5 àkọ́kọ́ ní gígábáìtì 825, nǹkan bí 667 péré ló sì ṣẹ́ kù fún gẹ́ẹ̀mù. Slim tiyín jẹ́ tẹ́rábáìtì kan, ó sàn díẹ̀, síbẹ̀ kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa pa èyí rẹ́ kí tọ̀hún lè wọlé. Ẹni tó ní CD yóò kàn ki í padà bọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó pọ̀ jù nínú gẹ́ẹ̀mù náà yóò sì ti inú CD wọlé; ẹni tí kò ní yóò tún lọ ra dátà tuntun fún ohun tó ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun kejì ni pé CD ṣeé tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU tó ń wá sọ́dọ̀ wa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Mẹ́ta nínú wọn yóò ra gẹ́ẹ̀mù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò gbá a títí yóò fi sú wọn, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn yóò sì kó gbogbo rẹ̀ wá fún wa kí á fowó kún un fún tuntun. Èyí tí ènìyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé yá ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè tà á fún.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ FIFA 23 tí ẹ ní ó wọ́n. EA tó ń ṣe gẹ́ẹ̀mù náà àti àjọ FIFA ti pínyà, gẹ́ẹ̀mù tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 yẹn ni EA ṣe kẹ́yìn pẹ̀lú orúkọ náà kó tó di EA Sports FC. Nígbà tí FC 24 fẹ́ jáde ní 2023, EA yọ àwọn FIFA àtẹ̀yìnwá, títí kan 23, kúrò lórí àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lónìí, àfi kó wá CD rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ sì ni Ife Àgbáyé Qatar ti 2022 àti ti àwọn obìnrin ti 2023 wà, èyí tí FC 24 àti 25 kò ní. Àwọn onílé gẹ́ẹ̀mù láti Ìfàkì àti Ìkọ̀lé ń bèèrè rẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá sì gbé àlòkù rẹ̀ wá tà fún wa mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Owó tí a fi rà á ló ga. Lójú tiwa pàápàá, bọ́ọ̀lù inú FC 25 dára jù ú lọ, a sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè.

Ní ti dátà tí FC 25 bèèrè, àtúnṣe ni: ohun tí àwọn tó ṣe gẹ́ẹ̀mù náà yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ CD tán, pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti kúrò ní ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Gẹ́ẹ̀mù náà wà nínú CD. Bí ẹ bá fẹ́ gbá Kick-Off pẹ̀lú àbúrò yín ní pálọ̀, ẹ lè dá àtúnṣe náà dúró kí ẹ sì máa gbá a lọ. Ultimate Team, níbi tí ènìyàn ti ń kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ni kò ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé à ń ta CD kí a wá sọ pé gbogbo CD ló pé. Call of Duty: Modern Warfare II ti 2022 fún PS5, ohun tó wà nínú CD rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì, gbogbo ìyókù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn páálí gẹ́ẹ̀mù Nintendo Switch 2 kan wà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ lásán ni káàdì inú wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ti ń wá, a ti máa ń fi èyí han ẹni tó bá fẹ́ rà wọ́n kó tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni The Crew, eré ọkọ̀ tí Ubisoft ṣe: láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024 tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbé e dúró, CD rẹ̀ kò wúlò fún nǹkankan mọ́, a sì ti kó o kúrò lórí káńtà.

Ó ku pádì. A kò ní sọ pé ẹ lò ó nílòkulò. Ohun kékeré kan wà nínú analog DualSense (pádì PS5) tó ń fi ara gbo ara ní gbogbo ìgbà tí a bá ń yí i. Bó bá ti jẹ díẹ̀, tàbí tí eruku wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò rò pé ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni a máa ń rí irú pádì bẹ́ẹ̀ gbà jù. DualSense Edge tí Sony gbé jáde ní 2023 ní analog tó ṣeé yọ tó sì ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba dọ́là, a kì í sì í gba ẹni tó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níyànjú láti rà á. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ẹnu píìnì tẹ inú ihò kékeré tó wà lẹ́yìn pádì fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì PS. Bí ó bá ṣì ń dá rìn, ẹ gbé e wá pẹ̀lú rìsíìtì yín. Oṣù mẹ́ta tí a fi dúró fún pádì kò tíì pé, a ó sì fún yín ní òmíràn.

Bí ẹ bá sì tún rò ó tí ẹ rí i pé èyí tí kò ní ojú CD ni ẹ fẹ́ síbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá nínú páálí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a ó pààrọ̀ rẹ̀, a ó sì dá ìyókù owó padà fún yín. Ti Slim ṣeé ra ojú CD kún lẹ́yìn ọ̀la, a kàn ní láti so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣiṣẹ́. A máa ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a sì ń tì í ní aago méje alẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta.