Ariwo mátíróònù kọ́ ló ń mú nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Nínú máíkírà láti Mọ́kọlá sí Sángo ni ìyá kan ti ń là á mọ́lẹ̀ pé bí mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ò bá jágbe mọ́ wọn, wọn ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ń ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Èmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ìbàdàn yìí, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Mo mọ ohun tí ariwo ń bí. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, bí a bá ti gbúròó bàtà mátíróònù báyìí, ṣáàtì ni gbogbo wa máa ń kì mọ́lẹ̀. Kí ó tó wọlé, ìfúnpá gbogbo aláìsàn ti di 120/80, ti ẹni tára rẹ̀ dá, bíírò kan náà, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló gbé e wá! Mátíróònù á yẹ ìwé wò, á mi orí, á lọ. Ẹni tó bá wá jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé abẹ́rẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́, kúẹ́rì ni. Ta ló máa jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì?

Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bá irú rẹ̀ pàdé nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1996 lórí àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn. Ó rò pé níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá ti mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe á ti kéré. Òdìkejì ló bá: ibẹ̀ gan-an ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù ò bà wọ́n láti sọ ọ́ ni. Níbi tí wọ́n ti ń gbọ̀n fún ọ̀gá, ńṣe ni wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn tí wọ́n ṣì fún aláìsàn ti wọ ara rẹ̀ lọ.

Ẹ ní àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ fóònù, ẹ ní wọ́n ń kanra. A ti gbọ́. Lóòótọ́, èèyàn á fọwọ́ dáadáa bí ẹnì kan bá ń wò ó. Ó tán níbẹ̀.

Ẹ bi ilé ìwòsàn léèrè iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́. Lọ́dún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Pennsylvania pé bí aláìsàn kan ṣoṣo bá kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu ikú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé, ń fi ìdá 7 nínú 100 ga sí i. Èwo ni ariwo fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Sísítà kan, nọ́ọ̀sì àgbà, wà tí kì í gbóhùn sókè. Bí mo bá ń fa oògùn ọmọdé sínú abẹ́rẹ́, á ní kí n ka ìwọ̀n rẹ̀ jáde, òun náà á ka tiẹ̀. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, a ó tún un ṣírò, kò sí èébú. Òun nìkan lọ̀gá tí mo máa ń fẹsẹ̀ ara mi wá lọ bí nǹkan bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi.