Òdòdó inú ìkòkò kì í gba ààwẹ̀ omi nígbà ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri WhatsApp ní Ìlọrin: pé bí òdòdó inú ìkòkò bá ti wọ́wé nígbà ọyẹ́, ó ti sùn, kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i mọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Igi tó wọ́wé kì í mu omi tó ti ìgbà òjò, ẹni tó bá sì ń rọ omi sí i lójoojúmọ́ yóò mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ṣì wà láàyè. Kódà ní ìlú òtútù tí yìnyín ti ń bọlẹ̀, àwọn ológbà ṣì máa ń fún ti inú ìkòkò lómi díẹ̀ lọ́jọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ tí kò sì dì. Áńbọ̀sìbọ́sí Ìlọrin, tí òjò ti máa ń dá ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá, tí kì í sábà padà kí Oṣù Kẹta tó dé! Ọyẹ́ tó ń la ètè wa náà ló ń fa omi inú iyẹ̀pẹ̀. Igi orí ilẹ̀ lè na gbòǹgbò lọ wá omi. Ti inú ìkòkò, ibo ni yóò na tirẹ̀ sí?

Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi sí i láàárọ̀ títí yóò fi máa kán nídìí. (Ike ọ̀dà tí kò ní ihò kì í ṣe ìkòkò òdòdó o, ẹ lu ihò sí i nídìí.) Caladium tó ní iṣu lábẹ́ àti desert rose tó sanra nídìí lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ju èyí tẹ́ ẹ rò pé ó ti kú nù, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù tó láwọ̀ ewé, kò tíì kú.