Orúkọ ẹni tó kọrin dà?

Lálẹ́ àná, mo wo fíìmù Yorùbá kan lórí YouTube. Ìyá kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká yúnífọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ tó kú, kò la ẹnu rárá. Orin ló ń bá a sọ ọ́. Mo sunkún. Nígbà tó parí, mo dúró ka orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kun ojú òṣèré, wọ́n kọ ti ẹni tó dáná, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn ní ilé àti mọ́tò. Ẹni tó kọrin ńkọ́? Kò sí!

Ó dùn mí wọra, torí mo mọ olóhùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò wa ni, ní Mushin. Yàrá kan ni sitúdíò wọn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ara ògiri kí ariwo títì má baà wọlé. Tí wọ́n bá ti fẹ́ gba ohùn, fáànù á kú, gbogbo wa á máa làágùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yẹn dé. Olóòtú ò fi fíìmù ránṣẹ́ o, voice note ló fi ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ á kú, ọ̀rẹ́ ìyá ẹ̀ ló pa á. Ọ̀la la fẹ́ gbà á." Ó tán! Òru ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n kọ orin. Kò sówó onílù, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe gángan. Àwọn fúnra wọn ló lé e, àwọn àti ìyàwó wọn gbè é lẹ́ẹ̀mẹrin léra wọn, ó wá dà bíi pé ogún èèyàn ló ń gbè é. 40,000 náírà ni àdéhùn, 25,000 ló wọlé. Ìyókù di "ẹ jẹ́ kí ọjà kọ́kọ́ tà ná".

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé fíìmù olówó kékeré ni. Èló ni wọ́n ń ra orúkọ kí wọ́n tó kọ ọ́ sójú fíìmù? Nígbà Hubert Ogunde, ọ̀gá àwọn eléré orí ìtàgé, orin ni wọ́n fi ń ṣí eré, orin náà ni wọ́n fi ń kádìí ẹ̀. Lọ́dún 1964 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré wọn nítorí eré Yorùbá Ronú, ta ni kò mọ ẹni tó lorin? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ (Copyright Act) tí Buhari fọwọ́ sí ní 2023 pàápàá sọ ọ́ pé ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Àmọ́ ìwé wo ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù? Voice note?

Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Wọ́n ní, "Àbúrò, má dárúkọ mi o, wọn ò ní gbéṣẹ́ fún mi mọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ègbè tó pa mí lẹ́kún yẹn, inú àlọ́ ni ìyá ìyá àwọn ti máa ń kọ ọ́ fáwọn ní Ìlá, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ nìkan làwọn yí padà. "Tí wọ́n bá máa kọ orúkọ, ṣé tèmi ni àbí ti ìyá àgbà?"

Mo ṣì ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n síbẹ̀. Àmọ́ láti àárọ̀ ni mo ti ń gbe ègbè yẹn lẹ́nu, mi ò tíì rí èsì fọ̀ fún wọn.