Ìrẹ̀ tó ń ké nínú etí mi

Bí ẹnìkan bá tún sọ fún mi pé etí mi ń dún nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi níbìkan, màá bi í bóyá odidi Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò ríṣẹ́ mìíràn ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ni mò ń lọ̀, nítòsí Ọjà Jagun. Ata, ẹ̀wà, àmọ́ èlùbọ́ ló pọ̀ jù. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, àwa Ajílété tí à ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìyá mi. Bí oníbàárà bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àfi kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú etí mi. Mi ò kà á sí. Ariwo kì í ṣáà dá egbò síni lára.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n mú iná lọ, aládùúgbò pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Ṣíììììì. Ó dà bí ìrẹ̀ tó há sẹ́yìn àpótí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sún àpótí, mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi jókòó, ó ń wò mí.

"Kí lò ń wá?"

"Ìrẹ̀ ni."

"Ìrẹ̀ wo?"

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò ìyá mi ní kí n kán àdí sí i. Ẹlòmíì ní ayé ló ń pè mí, kí n má dáhùn. Èmi fúnra mi fi igi òwú ha etí títí ó fi bó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Ó ní àwọn irun tíntìntín kan wà ní ìsàlẹ̀ etí lọ́hùn-ún tó ń gbé ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo ló ń pa wọ́n, wọn kì í sì í hù padà. Bí ọpọlọ ò bá rí ìròyìn gbà mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ariwo tó bá tó 85 dẹ́síbẹ̀lì (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), kò yẹ kéèyàn wà nínú rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bó bá ti fi 3 lé e, kí wákàtí yẹn dín sí ìdajì. Ẹ wá wo ogún ọdún tèmi! Mo bi í bóyá ó máa lọ. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé Tákíè.

Òótọ́ ni dókítà sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jẹ́ kí n sùn. Bàbá Káfíńtà ni. Wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n rí mi tí mo fàtẹ́lẹwọ́ bo etí.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, tìẹ ń dún bíi kí ni?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní bí ìrẹ̀ ni, bàbá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi bí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó ni. Ẹ̀rọ ìfápákó ló fún mi. Ọdún kọkànlá rèé."

Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé kí n má ṣe sùn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ mọ́. Kí n tan rédíò, kó má pariwo bo ìrẹ̀ náà o, kí etí ṣáà rí nǹkan míì ṣe. Ọkọ mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ pìn-ín lóru, ló ń ra bátìrì rédíò ọ̀hún báyìí. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, ó kàn ń rà á ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àìsàn yìí kò ní egbò, kò ní ibà, ẹnìkan ò sì ní kí ọ kú ìnira. "Gbàgbé ẹ̀ jàre." Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé ohun tó wà nínú orí mi? Ẹ bi wá bó ṣe ń dún. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú un fúyẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: bí etí kan bá ṣàdédé di, tàbí tí ìró náà ń lù bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, ilé ìwòsàn ni kóo gbà lọ, ti etí tó di yẹn, má jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta. Oògùn ibà kuiníìnì àti abẹ́rẹ́ gentamicin tó ń pa kòkòrò àrùn náà lè mú etí dún, torí náà sọ fún wọn pé etí rẹ ń dún kí wọ́n tó fún ọ.

Èmi àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń fi róbà dí etí báyìí. Ó ń ṣàròyé pé òun ò gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí. Kí wọ́n fi ọwọ́ sọ ọ́. Bàbá Káfíńtà ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ̀rọ bá ń ké, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gbọn ìka sókè bí èéfín ìkòkò ẹ̀kọ. Èmi náà á fi ìka méjì ha ara wọn bí ìyẹ́ apá ìrẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á sì sọ àpò èlùbọ́ wọn kalẹ̀.